Ààlè tí kò ní èpè

Igi ìdáná tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà oko kì í ṣe igi gbogbo ayé. Ẹni tó ṣẹ́ ẹ lè ti lọ sílé, ṣùgbọ́n ó ti fi ìkarahun ìgbín tàbí ṣùkù àgbàdo kọ́ ọ. Ààlè nìyẹn. Ẹni tó ń kọjá mọ̀ pé igi náà ní olóhun.

Ìdí nìyí tí gbólóhùn kan fi ń bíni nínú nígbàkigbà tí àríyànjiyàn bá dé lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé bí èèyàn: "Bí o kò bá fẹ́ kí wọ́n fi ohun tí o kọ kọ́ ẹ̀rọ wọn, kí ló gbé e dé orí íntánẹ́ẹ̀tì?" Ẹ̀bá ọ̀nà ti wá di ààtàn nìyẹn?

Íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ààlè tirẹ̀, robots.txt ni wọ́n ń pè é. Martijn Koster ló dá a lábàá lọ́dún 1994, nígbà tí àwọn róbọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń rìn káàkiri ìkànnì fúnra wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í da kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn láàmú. Fáìlì kékeré kan ni, ẹnu ọ̀nà ìkànnì ló máa ń wà:

User-agent: GPTBot
Disallow: /

Ìlà kìíní pe àlejò lórúkọ. GPTBot ni róbọ́ọ̀tì tí OpenAI, iléeṣẹ́ tó ni ChatGPT, ń rán jáde láti lọ kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi kọ́ ẹ̀rọ wọn wá. Ìlà kejì ní kó má wọlé. Àmì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn túmọ̀ sí gbogbo ilé, láti pálọ̀ dé kìṣíìnì. Róbọ́ọ̀tì tó ní ẹ̀kọ́ ilé á kà á, á sì yà. Èyí tí kò ní á wọlé ní tirẹ̀, nítorí kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìlànà gidi lọ́dún 2022, ìwé ìlànà náà fúnra rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ààlè tòótọ́ ní èpè lẹ́yìn: ṣùkù tí kò ní hóró ń sọ fún olè bí òun náà ṣe máa rí. Ta ni robots.txt fẹ́ bá jà?

Ààlè kì í sì í béèrè orúkọ olè. Robots.txt ní láti pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan: GPTBot, CCBot, ClaudeBot, àti èyí tí wọn ò tíì bí. Lóòótọ́, àmì ìràwọ̀ (*) lè dúró fún gbogbo wọn, àmọ́ róbọ́ọ̀tì Google tó ń júwe ìkànnì fún àwọn tó ń wá nǹkan á bá wọn lọ. Onílé lé olè, ó lé oníbàárà mọ́ ọn.

Àkókò ńkọ́? Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni OpenAI ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde GPTBot. GPT-3, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọn tó ń kọ̀wé, ti jáde lọ́dún 2020, Common Crawl sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ ti wá, àkójọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń kó láti ọdún 2008. CCBot tó ń bá wọn kó o ń bọ̀wọ̀ fún ààlè o, àmọ́ lọ́dún 2008, ta ló mọ̀ pé irú ẹ̀rọ báyìí ń bọ̀? Ẹ̀rọ náà kì í to gbólóhùn sínú àká. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń sún àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Iṣu ti di iyán. Èwo ni ti Lágbájá níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ?

Ara òkìtì igi nìkan ni ààlè sì ń wà. Bí akéwì bá fi ààlè lé ìkànnì rẹ̀, tí olólùfẹ́ ewì kan wá da ewì náà kọ sí ìkànnì mìíràn tí kò ní fáìlì yìí, ibẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì ọmọlúàbí á ti kà á, láì fọwọ́ kan ààlè ẹnikẹ́ni.