Bí ariwo ṣe ń já ọkàn akẹ́kọ̀ọ́, àti bí a ṣe ń fi ṣe ìdánrawò JAMB

Ìbéèrè 180 ni JAMB máa ń kó síwájú akẹ́kọ̀ọ́ láàárín wákàtí 2: 60 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Bí a bá pín àkókò náà dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tó ń dán ara rẹ̀ wò lóru ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, lè máa gba máàkì tó wuyì. Kó wá dé sẹ́ńtà, kí máàkì náà já wálẹ̀, kí àwọn òbí máa bi í pé ṣé kò kàwé ni. Ó kàwé dáadáa. Ohun tí kò tíì kọ́ ni bí èèyàn ṣe ń padà sídìí ìbéèrè lẹ́yìn tí nǹkan bá ti já ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Inú hóòlù CBT, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò náà, kì í pa lọ́lọ́. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún ń tẹ bọ́tìnnì kíkankíkan, ọmọ kan nawọ́ sókè pé kọ̀ǹpútà òun ò ṣiṣẹ́ mọ́, alábòójútó ń bá a sọ̀rọ̀, ẹlòmíì ti parí, ó ń ti àga sẹ́yìn. Ti ẹni tó parí yẹn ló burú jù, nítorí ó ń já àyà àwọn tó kù.

Ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin kan ń ṣe ìṣirò nílé: wọ́n ra ọjà ní ₦2,400, wọ́n tà á ní ₦3,000, èrè ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jẹ? Ó ti yọ ọ́, ó di 600 mú lọ́kàn, ó kù kó fi 2,400 pín in. Àbúrò rẹ̀ yọjú: "Àǹtí mi, ẹ bá mi rí ṣájà mi?" Ó ní òun ò rí i. Ó yíjú padà sí kọ̀ǹpútà, 600 ti lọ. Ó di kó tún ìbéèrè náà kà láti òkè. Ọ̀rọ̀ àbúrò ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ìdajì àkókò ìbéèrè náà ti bá a lọ.

Ibi tí ọpọlọ ń gbé nǹkan lé fúngbà díẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ohun tuntun kò lè débẹ̀ kí tàtijọ́ má jábọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn. Lọ́dún 1976, àwọn onímọ̀ méjì, Colle àti Welsh, ní kí àwọn èèyàn há lẹ́tà sórí nígbà tí wọ́n ń ka èdè Jámánì sí wọn létí. Àwọn èèyàn náà kò gbọ́ èdè Jámánì, síbẹ̀ wọ́n gbàgbé ju ìgbà tí ibẹ̀ dákẹ́ lọ. Ariwo tó ń lọ gbọọrọ bíi ti jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀, etí tètè máa ń pa á tì. Ohùn tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀ ló ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí maṣíìnì tí wọ́n fi ń lọ pákí lẹ́yìnkùlé kì í fi í da ọmọ láàmú tó ìyá méjì tó ń ná ọjà lójú fèrèsé.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ariwo dánra wò, ohùn èèyàn ni kó wá. Kò sì wọ́n ní Ìjẹ̀bú: ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Ajé, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n na kánópì ìnáwó sí àdúgbò, tí olórin ń fi orúkọ ẹni tí a mọ̀ kọrin. Ìdánwò ara ẹni nìkan ni ká gbé lọ síbẹ̀ o. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ kò tíì mọ̀, ibi tó dákẹ́ ni kó ti kọ́ ọ. Kíkọ́ nǹkan tuntun nínú ariwo, àdánù ni.

Wákàtí 2 náà gbọ́dọ̀ pé, kí fóònù má sí nítòsí. Kọ̀ǹpútà ló dára jù, kí ìka lè mọ bọ́tìnnì 8 tí JAMB fọwọ́ sí: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S fún fífi iṣẹ́ sílẹ̀, R fún ẹni tó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tó ti tẹ S.

Ìṣòro kan wà nílé Yorùbá tí ìwé kì í sọ. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kò lè gbọ́ ìpè àgbà kó má dáhùn "Mà!" kó sì dìde. Kí wọ́n ti bá gbogbo ilé sọ ọ́ ṣáájú: ẹ lè sọ̀rọ̀, ẹ lè kọjá, ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ ẹni kì í gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá.

Bí ariwo bá já ọkàn rẹ̀, kó má bá a jà. Kó ti máa kọ iye tó bá rí sílẹ̀ lórí bébà, kí 600 má bàa jẹ́ ohun tó ń wá kiri. Kó tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nìkan kà, kó fa ìlà kékeré kan sétí bébà, kó máa lọ. Ìlà wọ̀nyẹn ṣe pàtàkì ju máàkì lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ 30 lọ́sẹ̀ yìí, tí wọ́n di 12 lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, ìdánrawò ń jẹ́ nìyẹn, kódà bí máàkì ò bá tíì gòkè. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ọmọ tí ẹ̀rù ìdánwò ti ń bà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má gbé e lọ sọ́jà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì ni kó fi bẹ̀rẹ̀.