Ṣé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ni, àbí kí wọ́n máa ṣọ́ ọ? Jẹjẹrẹ prostate tí wọ́n tètè rí

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lórílẹ̀-èdè Benin, ìtọ̀ ló sábà máa ń gbé ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, ìtọ̀ ń kán tó-tó-tó, àgbo tí wọ́n bá a rà lọ́jà kò sì ràn án. Dókítà ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Nọ́ńbà tó jáde ga díẹ̀, wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì bá jẹjẹrẹ kékeré kan nínú prostate rẹ̀, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Jẹjẹrẹ yìí kọ́ ló ń jí i lóru o. Prostate tó ń wú bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ló fún ọ̀nà ìtọ̀ mọ́. Jẹjẹrẹ jókòó jẹ́jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà wá sọ ohun tí ẹbí kò retí: ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn án, kí wọ́n ṣì máa ṣọ́ ọ ná.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tètè wọ etí. Nínú orúkọ jẹjẹrẹ gan-an la ti ń gbọ́ pé ó ń jẹ nǹkan, ta ló sì máa rí ejò nínú yàrá tí yóò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀? Àmọ́ jẹjẹrẹ prostate kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn ń yára, ó ń wọ egungun. Òmíràn ń rọra débi pé nǹkan mìíràn ni yóò pa ẹni tó ní in, lọ́jọ́ ogbó, láìmọ̀ pé ó wà lára òun rí. Kí wọ́n tó pinnu ohunkóhun, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ èwo ni èyí.

PSA nìkan kò lè sọ ọ́. Èròjà tí prostate ń ṣe ni, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Prostate tó wú lásán lè gbé e sókè, àkóràn lè gbé e sókè, kódà bí ọkùnrin bá sùn ti ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ àná, ó lè ga díẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi 4 ṣe ààlà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní 3 lè ní jẹjẹrẹ, ẹni tó ní 7 sì lè máà ní in. Ẹran tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú láti inú prostate, tó sábà máa ń tó ègé 12, ló ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ IRM (tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní MRI), tó ń ya àwòrán inú ara, bá wà ní àrọ́wọ́tó, wọ́n á kọ́kọ́ fi ya àwòrán kí abẹ́rẹ́ lè mọ ibi tó ń lọ.

Orúkọ kan máa wà lórí ìwé èsì náà: Gleason. Dókítà ará Amẹ́ríkà ni, òun ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n ń wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tò, wọ́n ń fún un ní máàkì láti 3 dé 5, wọ́n á sì ro máàkì méjì pọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rí 6, wọ́n mọ̀ pé 10 ló ga jù, wọ́n rò pé jẹjẹrẹ ti kọjá ìdajì ọ̀nà. Rárá o: 3 àti 3 ni 6, kò sì sí èyí tó rọlẹ̀ jù ú lọ. Oríṣi méjì ni 7 sì pín sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran náà, nítorí náà 4+3 burú ju 3+4 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méje ni méjèèjì. Ẹni tó ní 6, tí PSA rẹ̀ kò tó 10, tí jẹjẹrẹ rẹ̀ kò sì tíì jáde kúrò nínú prostate, ni ìṣọ́ yẹ jù. Wọ́n lè fi ẹlòmíràn tó ní 3+4 kún un bí 4 ibẹ̀ bá kéré. Tó bá ti di 8 sókè, tí ara ọkùnrin náà ṣì le, ìtọ́jú ni wọ́n ń sọ.

Ara ẹni náà fúnra rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Èrè ìtọ́jú lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó hàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ lè fara gba ìnira ìtọ́jú kó má sì pẹ́ tó láti jẹ èrè rẹ̀. Fún irú wọn, ohun tí dókítà ń kọ ni "abstention-surveillance": bí ìrora bá dé, kí wọ́n mú un rọlẹ̀. "Surveillance active", ìyẹn ìṣọ́ tí à ń sọ bọ̀, yàtọ̀ sí i pátápátá. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún, wọ́n ṣì ní i lọ́kàn láti wò ó sàn bí jẹjẹrẹ bá gbéra. Ọ̀rọ̀ Faransé méjèèjì jọra lórí ìwé, àwọn ọmọ tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá wọn nílé sì máa ń da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì.

Ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ProtecT, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin 1,643, ẹni ọdún 50 sí 69, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta bí ẹni ṣẹ́ kèké: ìṣọ́, iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán tí wọ́n fi ẹ̀rọ tàn sí jẹjẹrẹ láti pa á. Èsì ọdún 15 jáde ní 2023. Nínú gbogbo wọn, 45 péré ni jẹjẹrẹ prostate pa: 17 lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, 12 lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, 16 lára àwọn tó gba ìtànṣán. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbára lé. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ràn dé ibòmíràn nínú ara nǹkan bí 9 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 5 lọ́nà méjì tó kù. Bíi 6 nínú 10 àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ló sì padà gba ìtọ́jú kí ọdún 15 tó pé.

Òyìnbó aláwọ̀ funfun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ó yẹ kí ará Kétu mọ èyí kó tó gbé nọ́ńbà wọn lé orí ara rẹ̀, torí jẹjẹrẹ yìí wọ́pọ̀ lára ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ju ti funfun lọ, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ìṣọ́ kò bá a mu. Ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀ fínnífínní, kí wọ́n sì béèrè bóyá ó ti mú bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

Kí ló dé tí wọn kò kàn yọ ọ́ kúrò? Nítorí ibi tó wà ni. Abẹ́ àpò ìtọ̀ gan-an ni prostate wà, ìfun ìdí wà lẹ́yìn rẹ̀, iṣan tó ń mú kí ohun ọkùnrin le sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ProtecT kan náà, ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 46 nínú 100 ló ń lo páàdì nítorí ìtọ̀ tó ń jò. Ní ọdún kẹfà ó ti sọ̀ dé 17. Ní oṣù mẹ́fà yẹn, 12 nínú 100 ni tiwọn ṣì le tó láti bá obìnrin sùn. Ti àwọn onítànṣán jẹ́ 22, ti àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ jẹ́ 52. Ìtànṣán kì í sábà mú ìtọ̀ jò bẹ́ẹ̀, ìfun ló ń dà láàmú, ẹlòmíràn a máa rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́.

Ohun kan wà tí ojú máa ń ti àwọn àgbàlagbà láti béèrè: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, àtọ̀ kì í jáde mọ́. Ọkùnrin ẹni ọdún 58 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó kékeré, tí ìyàwó náà ṣì ń wá ọmọ, gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kó tó fọwọ́ síwèé, kí ìyàwó náà sì gbọ́ ọ pẹ̀lú. Níbi tí a bá ti ń bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú, ilé ni ìjà rẹ̀ ń wá bẹ́ sí lẹ́yìn náà.

Ìṣọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. PSA ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí dókítà máa fi ìka yẹ ibẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí wọ́n tún mú ẹran wò ní nǹkan bí ọdún kan sígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà ní ọdún díẹ̀ díẹ̀. Bí PSA bá ń gùn láìdúró, tàbí tí 6 bá di 7, wọ́n á jókòó sọ̀rọ̀ lákọ̀tun. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kùtọnu ju igba kìlómítà lọ. Ẹni tó bá gba ìṣọ́ nítorí pé kò náwó, tí kò sì lè san owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kò yan ìṣọ́ rárá. Ó pa jẹjẹrẹ rẹ̀ tì ni. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan lè bọ́gbọ́n mu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ìwé, ìṣọ́ ló bá a mu.

Ìtànṣán le láti rìn lọ gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà 37 ni wọ́n tàn án sí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú ProtecT. Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ti dín in kù sí 20 báyìí. Ará òkèèrè gbọ́dọ̀ ní ilé ìbátan tí yóò wọ̀ sí títí yóò fi parí. Ní 2022, nígbà tí IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì, bẹ̀rẹ̀ ètò láti mú ìtànṣán dé àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí kò ní in tó, Benin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ilé àyẹ̀wò kan náà ni kí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ máa lọ. Ẹ̀rọ kan àti èkejì lè fún ẹ̀jẹ̀ kan náà ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ẹni tó ṣe tàkọ́kọ́ ní Àjàṣẹ́, tó wá ṣe èkejì ní Nàìjíríà nígbà tó lọ kí ọmọ rẹ̀, lè rí ìyípadà tí kò ṣẹlẹ̀. Oògùn finasteride, tí wọ́n ń fún ẹni tí prostate rẹ̀ wú, a máa gé PSA sí nǹkan bí ìdajì, dókítà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bó bá ń lò ó. Fún jẹjẹrẹ tó rọlẹ̀ báyìí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹbí fi jíròrò kò ba nǹkan kan jẹ́. Bó bá jẹ́ ìṣọ́ ni wọ́n fẹnu kò sí, kí wọ́n rí i pé dókítà kọ ọjọ́ PSA tó ń bọ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bá dé tí kò ní jẹ́ kí wọ́n dúró mọ́.