Bí ọkọ yín bá ti ojú ogun dé, ẹ má fọwọ́ jí i

Ẹjọ́ tí ìyàwó ṣọ́jà ń gbé wá bá àwa nọ́ọ̀sì ọpọlọ jù ni pé, "Mo kàn fọwọ́ kàn án níbi tó sùn sí, ló bá fún mi lọ́rùn." Ọkọ ò ya wèrè, kò sì kórìíra ìyàwó. Ẹni tó pẹ́ ní Borno, tó ń fojú kan sùn, tó ń fi ìkejì ṣọ́nà, ara rẹ̀ ti gbà pé ọwọ́ òkùnkùn, ọwọ́ ọ̀tá ni. Ẹ tan iná, ẹ dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ pè é: "Bàbá Tóbi, èmi ni o. Ilé lẹ wà."

Oṣù Kejìlá ló máa ń le jù. Ọmọdé yin báńgà, bàbá ti wà lábẹ́ mọ́tò, àdúgbò ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn mìíràn á ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa ló ń ké mọ́ ọn. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Ẹ gbàdúrà yín, kẹ́ ẹ ṣáà má so ó mọ́lẹ̀. Tí àlá burúkú, ìbínú òjijì àti sísá fún èèyàn bá lé lóṣù kan, ẹ mú un lọ rí dókítà ọpọlọ, ní Aro l'Abẹ́òkúta tàbí ní Yaba. PTSD ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìpayà tí kì í kúrò lára èèyàn lẹ́yìn ohun ẹ̀rù tójú ẹ̀ rí. Ọdún 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, làwọn dókítà Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sínú ìwé àrùn wọn. Ti àwọn bàbá wa tó ja ogun Bọ́mà ní 1944, a kàn ń sọ pé bàbá yìí le ni.

Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á jẹ́ kó máa sọ ohun tójú ẹ̀ rí díẹ̀díẹ̀. Oògùn náà wà, àmọ́ ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Páráàgà á gbé e sùn lóòótọ́, àárín òru ni yóò ta jí, àlá náà á sì le sí i.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń dùn mí jù. Iléeṣẹ́ ológun ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọwọ́ l'Óṣòdì. Síbẹ̀, gáàdì alẹ́ ni aráàlú kọ́kọ́ ń fi lọ ṣọ́jà. Ohun tá a fẹ́ kí ara rẹ̀ gbàgbé gan-an la tún ń sanwó fún un láti máa ṣe! Tó bá rí adìyẹ sìn tàbí iṣẹ́ ọ̀sán mìíràn, kó gbà á, bí owó ẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀.

Tó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ kó ìbọn àti oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà.