Ǹjẹ́ Àtẹ Òṣùpá Lè Sọ Ìgbà Tí Ẹja Yóò Jẹ Ìwọ̀?

Ẹni tó ń dẹ ìwọ̀ létí ọ̀sà ní Ìwópin tàbí ní Màkún-Omi, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lè ṣí fóònù rẹ̀ lónìí kí ó rí àtẹ kan tó sọ pé ẹja yóò jẹun dáadáa láti aago 9 sí aago 11 òwúrọ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, John Alden Knight, ni ó bẹ̀rẹ̀ irú ìṣirò yìí ní 1926, ó sì tẹ àtẹ rẹ̀ jáde ní 1936. Solunar ni ó pè é, ó so orúkọ òòrùn àti ti òṣùpá ní èdè Látìn pọ̀.

Òṣùpá ń lo nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50 kí ó tó tún padà sí òkè orí ẹni, ìdí nìyẹn tí ó fi ń pẹ́ yọ ju ti àná lọ. Ìgbà mẹ́rin ni àtẹ ń mú nínú ìyípo yìí. Nígbà tí òṣùpá bá wà lókè gan-an, àti nígbà tí ó bá wà ní òdìkejì ayé lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àtẹ ka ìyẹn sí àkókò ńlá, nǹkan bíi wákàtí 2 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ó ń yọ àti ìgbà tí ó ń wọ̀ ni àkókò kékeré, wákàtí kan lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó bi ẹja léèrè, ó yẹ kí a wo ìṣirò yìí fúnra rẹ̀. Àkókò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ kó nǹkan bíi wákàtí 6, ìyẹn ìdá mẹ́rin ọjọ́ kan, àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 40 lọ. Ẹni tó bá jókòó wákàtí 5 gbáko sétí omi kò lè ṣàìkan ọ̀kan nínú wọn. Ohun kejì wúwo ju èyí lọ. Bí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, ìgbà tí òòrùn ń wọ̀ ni ó ń yọ, ìdájí ni ó sì ń wọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ààbọ̀ rẹ̀ ló hàn, ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń wà lókè gan-an. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jálẹ̀ ọdún, àkókò tí àtẹ ń yìn ń tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ léraléra láàárín oṣù. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ẹja ń jẹun, yálà òṣùpá wà tàbí kò sí. Iṣẹ́ òòrùn ni, òṣùpá ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, òṣùpá ní agbára tirẹ̀ lórí omi. Òun àti òòrùn ni wọ́n ń fa òkun tí ó fi ń kún tí ó sì ń fà sẹ́yìn, ti òṣùpá sì tó ìlọ́po méjì ti òòrùn. Bí wọ́n bá wà lójú ìlà kan, nígbà òkùnkùn, tí òṣùpá kò hàn rárá, àti nígbà àrànmọ́jú, omi ń ga jù, ó sì ń fà jù. Omi tó ń wọlé tó ń jáde yìí ń gbé edé àti ẹja wẹ́wẹ́ kiri, ẹja ńlá sì ń tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu òkun ní Èkó ni omi òkun ti ń wọ inú ọ̀sà wa, agbára rẹ̀ sì ń rẹ̀yìn bí ó ti ń gba Èpé lọ sí ọ̀sà Lekki; nígbà tí yóò fi dé Ìwópin, omi tí kò níyọ̀ ló kù níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n lára mọ́. Nínú odò Ìbú ní Ṣágámù tàbí nínú adágún ọ̀sìn àrọ̀ ní Èrìwè, kíkún àti fífàsẹ́yìn òkun yìí kò dé ibẹ̀ rárá. Àwọn adágún ńláńlá ti Àríwá Amẹ́ríkà pàápàá kì í fi sẹ̀ǹtímítà 5 ga nítorí òṣùpá.

Ọ̀nà kejì ni ìmọ́lẹ̀, èyí sì kan omi tí kò níyọ̀ gan-an. Àwọn ẹ̀dá omi tíntìntín tí ẹja kéékèèké ń jẹ máa ń gòkè wá sójú omi lóru, wọ́n sì ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 1986 láti adágún Cahora Bassa ní Mòsáńbíìkì fi hàn pé lẹ́yìn ọjọ́ àrànmọ́jú, nígbà tí òṣùpá ń yọ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ti gòkè nínú òkùnkùn kí ìmọ́lẹ̀ tó ká wọn mọ́bẹ̀, àwọn ẹja tó jọ ṣàwá sì jẹ wọ́n ní àjẹyó. Ẹja tó ń fi ojú wá oúnjẹ lè jàǹfààní irú òru bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ ń fi irùngbọ̀n tọ́ ilẹ̀ wò nínú òkùnkùn, èpìyà ń jẹun lójú ọ̀sán: báwo ni wákàtí kan náà yóò ṣe bá àwọn méjèèjì mu?

Ìwádìí tó tóbi jù tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà jáde ní 2014, lórí muskellunge, ẹja ńlá kan inú omi tí kò níyọ̀: 341,959 rẹ̀ ni àwọn adẹ́wọ̀ọ̀ mú ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ẹja pọ̀ sí i díẹ̀ ní àyíká òkùnkùn àti àrànmọ́jú, ṣùgbọ́n èrè náà kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ: ẹni tí ì bá mú 20 yóò mú 21. Ọjọ́ inú oṣù ni wọ́n sì wò níbẹ̀, kì í ṣe wákàtí inú àtẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò fúnra rẹ̀ yóò kọ ìgbà tí ó ju ìwọ̀ sómi, ìgbà tí ó kó o, àti iye ẹja, títí kan ọjọ́ tí kò rí nǹkan kan mú. Iye ẹja ní wákàtí kan ni kí ó wò. Bí ó bá mú 32 ní wákàtí 40 tó lò nínú àkókò àtẹ, tí ó sì mú 8 ní wákàtí 10 tó lò níta rẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n, bí 32 tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó borí. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìdájí wé ìdájí: ìdájí tí àkókò ńlá bọ́ sí àti ìdájí tí kò bọ́ sí, létí omi kan náà, pẹ̀lú ekòló kan náà lẹ́nu ìwọ̀.