Ta ni yóò dáhùn? Bí òfin àyíká Bẹ̀nẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀

Abala 27 nínú òfin àgbà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, kò gùn rárá. Ó ní gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tó mọ́, tó tẹ́ni lọ́rùn, tó sì lè tọ́jọ́. Ó ní ojúṣe kálukú ni láti gbèjà rẹ̀. Ó ní Ìjọba ni yóò máa ṣọ́ ọ. Abala 28 ní kí òfin máa darí bí àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé ṣe ń tọ́jú ìdọ̀tí olóró wọn àti bí wọ́n ṣe ń dà á nù. Abala 29 ló wá le jù: ẹni tó bá kó ìdọ̀tí olóró ilẹ̀ òkèèrè wọlé, tó gbà á láyè kọjá, tó rì í mọ́lẹ̀, tàbí tó tilẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí rẹ̀, ọ̀ràn ló dá sí Orílẹ̀-èdè. Ààrẹ pàápàá kò yọ sílẹ̀, torí abala 74 ka ìwà tó ń ba àyíká jẹ́ mọ́ ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ fẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ ńlá kàn án.

Ẹni tó bá rántí ọdún 1988 mọ ibi tí ìbínú yẹn ti wá. Ọdún náà ni àṣírí tú nípa ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Koko ní Nàìjíríà, tí ìròyìn sì ń jà ràn-ìn ní gbogbo etíkun wa pé àwọn oníṣòwò òyìnbó ń wá ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tí wọn yóò máa da ìdọ̀tí tiwọn sí. Orúkọ Bẹ̀nẹ̀ wà nínú ìròyìn náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1990 ni Àpérò Orílẹ̀-èdè jókòó ní Kútọnu, òfin àgbà tó tẹ̀lé e kò sì fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Òfin àgbà sọ ẹ̀tọ́ náà, kò sọ ẹni tí èèyàn yóò lọ bá bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lójú. Iṣẹ́ yẹn bọ́ sọ́wọ́ òfin nọ́ńbà 98-030, tí Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fọwọ́ sí, tí wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1999. Loi-cadre ni wọ́n ń pè é, torí òun ni àwọn yòókù fẹ̀yìn tì: òfin omi ti ọdún 2010, òfin tó dá ọ̀rá tí kì í jẹrà dúró ní ìparí ọdún 2017, àti òfin ìmọ́tótó ti ọdún 2022. Ọ̀kan nínú ohun tó fi lélẹ̀ ni pé ẹni tó bá ba àyíká jẹ́ ni yóò sanwó àtúnṣe. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, àmọ́ ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òfin yìí fẹ́ kí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹnì kan náà.

Ibi tí agbára òfin náà pọ̀ sí jù, síbẹ̀, ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì já bíríkì kan sílẹ̀. Ká ní oníṣòwò kan fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa pa kajú sẹ́bàá Ṣábẹ̀. Irú rẹ̀ kò ní ṣọ̀wọ́n mọ́, torí láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba ti dá kíkó kajú àìpa lọ sókè òkun dúró, agbègbè Collines tí Ṣábẹ̀ wà sì jẹ́ ilẹ̀ kajú. Iṣẹ́ yóò wà fún àwọn ọmọ ìlú, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ epo kan wà nínú èèpo kajú tó máa ń bó ọwọ́ ẹni tó bá kàn án, bí wọ́n bá sì dáná sun èèpo náà, èéfín rẹ̀ a máa ta ojú, a máa ta ọ̀fun. Nítorí náà, oníṣòwò yìí kò lè kàn ra ilẹ̀ kó sì bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ABE, àjọ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 láti máa rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. ABE ni yóò sọ bóyá ìwádìí fẹ́ẹ́rẹ́ tó fún iṣẹ́ náà tàbí ìwádìí ìjìnlẹ̀ ló yẹ ẹ́. Étude d'impact ni orúkọ tí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n sí. Wọn yóò fẹnu kò lórí ohun tí ìwádìí náà gbọ́dọ̀ dáhùn: ibo ni omi ìdọ̀tí yóò gbà, kànga ta ló wà nítòsí, ibo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lọ́gbẹlẹ̀, oko ta ni yóò bá a lọ. Oníṣòwò yóò gba onímọ̀, onímọ̀ yóò wá sí abúlé, yóò kọ ìwé rẹ̀, ABE yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, mínísítà tó ń bójú tó àyíká yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, certificat de conformité environnementale et sociale. Iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí i.

Oníṣòwò ló ń sanwó fún onímọ̀ náà. Òfin kò fi í pamọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí yóò máa gbé ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ mọ̀ ọ́n kó tó la ẹnu.

Ìpàdé abúlé ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú, ibẹ̀ náà ló sì ti sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Onímọ̀ yóò kí chef de village, yóò kí àwọn àgbà, wọn yóò pe èèyàn jọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọn yóò ṣàlàyé lédè Yorùbá, tàbí lédè Gùn bó bá jẹ́ Àjàṣẹ́. Ìwé tí yóò tibẹ̀ jáde, Faransé ni. Ohun méjì ni wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: procès-verbal, tó sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, àti liste de présence, tí orúkọ àti ìbuwọ́lùwé àwọn tó wá wà nínú rẹ̀. Lójú ẹni tó ń ka ìwé náà ní ọ́fíìsì, orúkọ rẹpẹtẹ lórí liste de présence ti tó ẹ̀rí pé wọ́n fọ̀rọ̀ lọ ará ìlú. Kò sọ pé ará ìlú gbà. Kò sì sọ pé wọ́n kọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àtakò nílò kí ọ̀rọ̀ òun wọ inú procès-verbal, kí wọ́n tún un kà sétí gbogbo ìpàdé, kí wọ́n sì sọ ọ́ lédè tó gbọ́, kó tó bu ọwọ́ lù ú. Ìyá oníkànga tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, tí wọn kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan lójú òfin.

Bí iṣẹ́ bá tóbi, àyè tún wà fún audience publique, ìjókòó gbangba tí ẹnikẹ́ni lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ yóò wà lára ohun tí mínísítà gbé yẹ̀ wò. Kò de mínísítà lọ́wọ́. Èyí tó wúlò jù lẹ́yìn náà ni plan de gestion, ìwé ìlérí oníṣòwò: bí símínì, ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde, yóò ṣe ga tó, ibi tí wọn yóò da èèpo sí, ohun tí wọn yóò fún àwọn òṣìṣẹ́ bọ ọwọ́. Ìwé yìí ni èèyàn lè fi mú un lọ́dún mẹ́ta sí i, bí símínì kò bá ga tó bó ṣe ṣèlérí. Ó yẹ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kó má jẹ́ ní Kútọnu nìkan.

Ohun kan ṣì wà tí òfin wa kò tíì dé. Bí àdúgbò kan bá ti ru ìdọ̀tí púpọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ìlànà tó fipá mú ìjọba láti kọ iṣẹ́ tuntun níbẹ̀ torí ìyẹn nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń gba ọ̀nà yẹn. California ṣòfin ní 2016 pé ìlú tó bá ní àdúgbò mẹ̀kúnnù tí ìdọ̀tí ti pọ̀ jù gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo àyíká sínú ètò ìlú wọn. New Jersey lọ jù bẹ́ẹ̀ ní 2020: àdúgbò tí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ilé ibẹ̀ bá jẹ́ tálákà, tàbí tí ìdá 40 bá jẹ́ ẹ̀yà tó kéré níye, ti di àdúgbò tí wọ́n ń ṣọ́; bí ààtàn tàbí ilé ìsundọ̀tí tuntun yóò bá fi kún ẹrù tó ti pọ̀ jù níbẹ̀, àjọ àyíká gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́, àyàfi bí ohun ńlá kan bá wà tí gbogbo ará ìlú nílò. Àwọn tó ń gbé ilẹ̀ rírẹlẹ̀ létí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, níbi tí àgbàrá gbogbo ìlú ń ṣàn sí, ìbá jàǹfààní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìdọ̀tí ojoojúmọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ni ojúṣe, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dọ́gba láàárín ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1999 gbé pàǹtírí, gọ́tà àti ìmọ́tótó lé commune, ìyẹn ìjọba ìlú, lọ́wọ́. Nǹkan méjì ti yí padà láti ìgbà náà. Ní 2018, ìjọba dá SGDS, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí pàǹtírí àti ìmọ́tótó, sílẹ̀, ó sì fi kíkó pàǹtírí ní Kútọnu, Abomey-Calavi, Ouidah, Sèmè-Kpodji àti Àjàṣẹ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tí wọn kò bá kó pàǹtírí ojúlé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tó lọ bínú sí maire, olórí commune, ilẹ̀kùn tí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ yẹn ló ń kàn. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀, commune ṣì ni. Ìkejì ni code de l'administration territoriale, òfin tó ń darí ìṣàkóso ìbílẹ̀: òfin 2021-14 ti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ṣáájú rẹ̀, maire ló ń paṣẹ, òun náà ló ń fọwọ́ sówó. Nísinsìnyí, secrétaire exécutif ló ń darí ọ́fíìsì, òun ló sì ń fọwọ́ sí ìnáwó, wọn kì í sì í dìbò yàn án. Ìjọba ní kí òṣèlú má baà jẹ iṣẹ́ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ẹni tí ará ìlú lè yọ nínú ìdìbò àti ẹni tó di owó gọ́tà mú kì í ṣe ẹnì kan náà mọ́. Ìwé ẹ̀sùn tó gbọ́n yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀dà kẹta ni ti préfet, aṣojú ìjọba ní agbègbè, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ìgbìmọ̀ commune ṣe bá òfin mu. Ti Àjàṣẹ́ wà ní Àjàṣẹ́ gan-an, nínú Ouémé; ti Kétu wà ní Pobè, nínú Plateau; ti Ṣábẹ̀ wà ní Dassa, nínú Collines. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ igi tí wọ́n ń gé nínú igbó ọba Kétu, Eaux et Forêts, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba, ni kí wọ́n lọ bá, lábẹ́ òfin igbó ti ọdún 1993.

Kí ìwé tó lọ, kí wọ́n gba décharge: òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lórí ẹ̀dà tí olùfisùn yóò mú relé. Láìsí i, ọ́fíìsì lè sọ pé àwọn kò rí ìwé kankan. Òfin ìròyìn ti ọdún 2015, nọ́ńbà 2015-07, fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ìwé ìwádìí kajú yẹn náà sì wà lára irú ohun tí èèyàn lè béèrè. Bí wọn kò bá dáhùn, Médiateur de la République wà, lábẹ́ òfin 2009-22, fún ẹni tí ọ́fíìsì ìjọba fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó lè bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, kò lè dá ẹjọ́.

Ilé ẹjọ́ tó rọrùn jù láti dé ni Cour constitutionnelle, ilé ẹjọ́ òfin àgbà, ní Kútọnu. Ará ìlú kan ṣoṣo lè kọ̀wé sí i pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ abala 27 lójú. Kò nílò lọ́yà. Orúkọ, àdírẹ́sì tó ṣe é dá mọ̀ àti ìbuwọ́lùwé ló ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè tẹ ìka. Ìdájọ́ rẹ̀ kò ní kòtẹ́milọ́rùn, gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, àmọ́ kì í rán katakátá lọ wó símínì. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé ẹjọ́ CEDEAO (ECOWAS), ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Àbújá ṣì wà, kò sì ní kí èèyàn kọ́kọ́ la gbogbo ilé ẹjọ́ abẹ́lé kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Nàìjíríà lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2012 lórí bí epo rọ̀bì ṣe ba ilẹ̀ àti omi Niger Delta jẹ́. Abala 24 nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ènìyàn ti Áfíríkà, èyí tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára, wà lára ohun tí wọ́n gbé e kà, abala 7 òfin àgbà Bẹ̀nẹ̀ sì ti sọ àdéhùn yìí di ara òfin wa. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn ti Áfíríkà ní Arusha ni kò ṣí sílẹ̀ mọ́ fún ará ìlú kan tàbí ẹgbẹ́ láti lọ fúnra wọn: ní 2020 ni Bẹ̀nẹ̀ fa ìyọ̀ǹda yẹn padà.