Módẹ̀lì yìnyín àti bó ṣe ń yọ́

Módẹ̀lì yìnyín (snow) ni ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ ibi tí yìnyín kó jọ sí, iye omi tó wà nínú ẹ̀ àti ìgbà tó máa yọ́. Àwọn ilẹ̀ tó máa ń dì gbagidi nígbà òtútù, bíi Kánádà, Rọ́ṣíà àti àríwá Amẹ́ríkà, ló nílò ẹ̀ jù, torí omi oṣù bíi mélòó kan lè jókòó sórí ilẹ̀ kó wá yọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ká má tan ara wa, gíga yìnyín ò sọ nǹkan púpọ̀. Tuntun máa ń fúyẹ́ bí òwú, mítà kan ẹ̀ lè má ju sẹ̀ǹtímítà 10 omi lọ, àmọ́ èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ tó ti kì lè ní ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. James Church, tíṣà èdè Látìn ní yunifásítì Nevada, ló ṣe páìpù tí wọ́n ń gún bọ yìnyín kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí.

Ibi tó le jù ni pé yìnyín kì í tẹ́ dọ́gba. Atẹ́gùn á gbá a kúrò ní pápá lọ dà á sí kòtò àti ẹ̀gbẹ́ igbó, igi náà á gba tiẹ̀ sórí ẹ̀ka, sátẹ́láìtì sì lè rí ibi tó funfun láìmọ omi tó wà níbẹ̀.

Ní ti yíyọ́, ọ̀nà tó rọrùn ni kí wọ́n ka dígírì tó ju òdo lọ, kí wọ́n sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọ́ bíi mìlímítà 1 sí 8 lójúmọ́. Ọ̀nà kejì ń ka oòrùn, atẹ́gùn àti òjò, ó péye jù àmọ́ ó ń fẹ́ dátà púpọ̀. Yìnyín tuntun ń dá bíi 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, tó bá dọ̀tí ló ń yọ́ kíákíá.

Tí ilẹ̀ bá ti tutù rinrin kó tó dì, omi ò ní ráyè wọlẹ̀, orí ilẹ̀ lá máa ṣàn. Red River, odò kan tó ń ṣàn láti Amẹ́ríkà lọ sí Kánádà, tún burú sí i torí àríwá ló ń ṣàn sí, gúúsù á ti yọ́ nígbà tí iwájú ṣì dì. Lọ́dún 1997, lẹ́yìn ìjì yìnyín mẹ́jọ, wọ́n ní odò máa ga dé ẹsẹ̀ bàtà 49 ní Grand Forks, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ North Dakota, ó dé 54, àwọn èèyàn tó lé ní 50,000 sì sá kúrò nílé. Kì í ṣe yìnyín nìkan ni wọ́n ṣì ṣírò, ìṣirò tó ń sọ iye omi di gíga odò náà ò ṣiṣẹ́ dáadáa torí odò ò tíì ga tó yẹn rí níbẹ̀. Lónìí, àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà kì í sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́ nígbà tí yìnyín ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, wọ́n ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí omi kọjá gíga kọ̀ọ̀kan.