Ìgbọ̀wọ́ tó ń fa awuyewuye nínú bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá

Ìgbọ̀wọ́ tó ń fa awuyewuye nínú bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ni àdéhùn tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fi ń gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba tí ọjà rẹ̀, ìṣe rẹ̀ tàbí orísun owó rẹ̀ ń kọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lóminú, tí ẹgbẹ́ náà sì ń gbé orúkọ olówó yìí sí àyà aṣọ, sí ọwọ́ aṣọ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ pápá, nígbà mìíràn tí ó tilẹ̀ ń fi orúkọ náà pe pápá fúnra rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń kàn ni àwọn tó ń ta ọtí, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́, àwọn ayánilówó tí èlé wọn ga, àti àwọn ìjọba tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn ń fẹ̀sùn kàn. Tẹ́tẹ́ ló gba iwájú nínú àríyànjiyàn yìí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, bóyá nítorí pé inú eré gan-an ni ó ti ń mú ọjà rẹ̀ jáde: ọtí kò sí lára bọ́ọ̀lù, epo rọ̀bì kò sì sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n góòlù, káàdì pupa àti kọ́nà ni ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń sọ di ọjà, òǹwòran ni ó sì ń tà á fún bí eré ṣe ń lọ lọ́wọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n bí ìgbọ̀wọ́ aṣọ ni wọ́n bí awuyewuye tó yí i ká. Ní 24 oṣù Kẹta ọdún 1973, ẹgbẹ́ Eintracht Braunschweig ní Jámánì wọ aṣọ tó gbé orí àgbọ̀nrín, tí í ṣe àmì ọtí Jägermeister, nígbà tí wọ́n pàdé Schalke 04. Àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì kò fàyè gba ìpolówó ọjà lára aṣọ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè ní kí ẹgbẹ́ má gbé àmì ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà dìbò, wọ́n yọ kìnnìún tó wà nínú àmì wọn kúrò, wọ́n sì fi àgbọ̀nrín rọ́pò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kettering Town ló kọ́kọ́ dán an wò ní oṣù Kìíní ọdún 1976, nígbà tí wọ́n kọ “Kettering Tyres” sáyà. Àjọ FA, tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé kí wọ́n pa á rẹ́, ni wọ́n bá gé e kù sí “Kettering T”, wọ́n ní Town ni T náà dúró fún. FA fàyè gba ìgbọ̀wọ́ aṣọ ní 1977.

Ohun tí a ń pè ní ìtìjú kò dúró sójú kan. Ní sáà 1987–88, nígbà tí àrùn éèdì ń já gbogbo ayé láyà, FC Homburg ní Jámánì gba ìgbọ̀wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ́ńdọ̀mù. Àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì ní kò bá ìwà ọmọlúàbí mu, ẹgbẹ́ náà sì fi ọ̀já dúdú bo orúkọ náà mọ́lẹ̀ títí ilé-ẹjọ́ fi dá a láre. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ohun tó ń dènà àrùn ni wọ́n kọ̀ ní ìlú tí orúkọ ọtí ti di ohun àmúyangàn lára aṣọ.

Tẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Fulham ni ẹgbẹ́ Premier League àkọ́kọ́ tó gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ sáyà, nígbà tí ó bá Betfair ṣe àdéhùn ní 2002. Òfin tẹ́tẹ́ tí Britain ṣe ní 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ló ṣí ilẹ̀kùn gbayawu fún ìpolówó tẹ́tẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n àti rédíò, owó tó tẹ̀lé e kò sì kéré. Nígbà tó fi di sáà 2019–20, ẹgbẹ́ 10 nínú 20 tó wà nínú Premier League àti 17 nínú 24 tó wà ní ìpele kejì ló gbé orúkọ tẹ́tẹ́ sáyà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Goldsmiths, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ní 2017 fi hàn pé àmì tẹ́tẹ́ máa ń hàn fún ìdá 71 sí ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ètò bọ́ọ̀lù alẹ́ Sátidé ti BBC, bẹ́ẹ̀ sì rèé, BBC kì í gba ìpolówó kankan nílé.

Òfin FA kò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù níbikíbi láyé, aṣọ tí ó ń wọ̀ sì ń pe ẹlòmíràn pé kó wá ta á. Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni ti Ivan Toney, agbábọ́ọ̀lù Brentford nígbà náà, ẹni tí wọ́n fi òfin dè fún oṣù mẹ́jọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 nítorí ìgbà 232 tó rú òfin tẹ́tẹ́. Dókítà sọ fún ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà pé tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún un. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Hollywoodbets ló wà láyà aṣọ Brentford ní gbogbo sáà náà. FA fúnra rẹ̀ fòpin sí àdéhùn tó ní pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Ladbrokes ní 2017, lẹ́yìn tó ti fìyà jẹ agbábọ́ọ̀lù Joey Barton nítorí tẹ́tẹ́ tó ta. Ní ti Wayne Rooney, nọ́ńbà 32 ni wọ́n fún un nígbà tó dé Derby County ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020; 32Red ni ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ tó ń gbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ náà.

Apá kan wà tí àwọn òǹwòran kò tètè mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ ní oníbàárà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Éṣíà ni ọjà wọn wà, níbi tí ìpolówó tẹ́tẹ́ ti jẹ́ èèwọ̀ lábẹ́ òfin àwọn orílẹ̀-èdè kan, ṣùgbọ́n tí eré Premier League ń wọlé dé pẹ̀lú orúkọ náà láyà. Wọ́n máa ń yá ìwé àṣẹ ẹlòmíràn lò kí wọ́n lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Britain. TGP Europe, tó ń yá irú wọn ní ìwé àṣẹ, dá tirẹ̀ padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 lẹ́yìn tí àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ti sọ pé òun yóò bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 3.3 pọ́ùn lé e. Stake náà kúrò ní ọjà Britain ní ọdún kan náà, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ṣì wà láyà Everton ní sáà 2025–26.

Ìlànà ìpolówó tẹ́tẹ́ ní Britain kò gbà kí orúkọ tẹ́tẹ́ wà lára jẹ́sì tí wọ́n rán fún ọmọdé. Nítorí náà, bí bàbá àti ọmọ bá jókòó pọ̀ ní pápá pẹ̀lú jẹ́sì ẹgbẹ́ kan náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà láyà bàbá, àyà ọmọ sì ṣófo. Àwọn tó ń ṣàtakò, pàápàá àjọ Gambling with Lives tí àwọn òbí tí tẹ́tẹ́ pa ọmọ wọn dá sílẹ̀, sọ pé àyè tó ṣófo yẹn ni ẹ̀rí tó tóbi jù: ẹni tó yọ orúkọ náà fún ọmọdé ti gbà pé kò dára fún un, ojú ọmọ kan náà ló sì fi ń wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tó gbé e.

Ní 13 oṣù Kẹrin ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ Premier League fẹnu kò pé àwọn yóò yọ tẹ́tẹ́ kúrò ní iwájú aṣọ ní ìparí sáà 2025–26. Ìpinnu náà kò kan ọwọ́ aṣọ, kò sì kan pátákó ẹ̀gbẹ́ pápá tó ń tàn yòò. Itálì ti fòfin dè é pátápátá ṣáájú wọn, Sípéènì ṣe bẹ́ẹ̀ láti sáà 2021–22, Bẹ́ljíọ̀m sì tẹ̀lé wọn. Luton Town ní tirẹ̀ kò gba owó tẹ́tẹ́, kódà nígbà tó gòkè dé Premier League ní 2023 tí àyà aṣọ rẹ̀ sì di ohun tí owó ń wá.

Everton, Gor Mahia àti SportPesa

Ní oṣù Keje ọdún 2017, Everton lọ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Gor Mahia ti Kẹ́ńyà ní Dar es Salaam, orúkọ kan náà ló sì wà láyà ẹgbẹ́ méjèèjì: SportPesa, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ láti Kẹ́ńyà. Ní 2019, ìjọba Kẹ́ńyà kọ̀ láti tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe nítorí ọ̀rọ̀ owó orí, SportPesa sì fa ọwọ́ ìgbọ̀wọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ní ilé. Gor Mahia àti AFC Leopards, tí owó náà jẹ́ òpó tó gbé wọn ró, bá ara wọn láìní onígbọ̀wọ́ lójijì. Everton tètè rí òmíràn nígbà tí òun náà jáwọ́ ní 2020. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà tó tọ́ nínú ìgbọ̀wọ́, ó jọ pé ewu ẹgbẹ́ tó gbára lé olówó kan ṣoṣo kò kéré sí ti ọjà tí olówó náà ń tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òǹkọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà á.

Owó èlé

Newcastle United gbé orúkọ Wonga láti 2013 sí 2017. Irú ìyánilówó tí Wonga ń ṣe ni Yorùbá ń pè ní sogúndogójì: èlé tó ń polówó fún ọdún kan tó ìdá 5,853 nínú ọgọ́rùn-ún. Papiss Cissé, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tó jẹ́ Mùsùlùmí, kọ̀ láti wọ aṣọ náà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2013 nítorí pé ẹ̀sìn rẹ̀ kórìíra èlé, kò sì bá ẹgbẹ́ lọ sí ibùdó ìgbaradì ní Pọ́túgà kí ó tó wá gbà níkẹyìn. Ní 2014, Wonga fagi lé gbèsè mílíọ̀nù 220 pọ́ùn tí àwọn ènìyàn tó tó 330,000 jẹ ẹ́, lẹ́yìn tí àjọ aláṣẹ rí i pé ó ń yá àwọn tí kò lágbára àtisan lówó. Wonga kógbá sílé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018.

Àwọn ìjọba

Schalke 04 gbé orúkọ Gazprom, ilé-iṣẹ́ gáàsì ìjọba Rọ́ṣíà, láti 2007 títí di oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bayern Munich bínú gidigidi ní ìpàdé ọdọọdún wọn ní 2021 nítorí àdéhùn Qatar Airways, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ìjọba Qatar, èyí tó parí ní 2023. Arsenal, Paris Saint-Germain àti Bayern ni ọ̀rọ̀ Visit Rwanda, ìpolówó ìrìn-àjò afẹ́ ti ìjọba Rwanda, kàn: ní oṣù Kejì ọdún 2025, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Kóńgò (DRC) kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jáwọ́ nítorí ogun tó ń jà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ rẹ̀, èyí tó ní Rwanda lọ́wọ́ sí. Arsenal kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún náà pé àdéhùn tirẹ̀ yóò parí ní ìparí sáà 2025–26.

Àríyànjiyàn

Àwọn tó ń gbèjà ìgbọ̀wọ́ wọ̀nyí sọ pé ohun tí òfin kò kọ̀, kò yẹ kí a fi ẹgbẹ́ bú, àti pé ẹgbẹ́ kékeré tí kò ní olówó ńlá lẹ́yìn kò lè dá owó tẹ́tẹ́ padà kí ó tún máa bá àwọn ńlá figagbága. Ìdáhùn tó lágbára jù sí i kò fi bẹ́ẹ̀ dá lórí ọjà bí kò ṣe lórí alátìlẹ́yìn. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìwà ṣọ́ọ̀bù kan lè lọ sí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun tí a ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jogún tiwọn lọ́wọ́ bàbá. Ìfẹ́ tí kò ṣeé pààrọ̀ yìí gan-an ni onígbọ̀wọ́ ń sanwó fún.

Ní Nàìjíríà

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà fagi lé òfin lọ́tìrì ti ìjọba àpapọ̀ ní 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó ní àwọn ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Ní àwọn ìlú ńlá Yorùbá, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àti ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò wà lọ́wọ́ òǹwòran kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà Britain lórí jẹ́sì ọmọdé kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán jẹ́sì àfarawé tà lọ́jà. Ọmọdé tó wọ jẹ́sì Everton ní Ìbàdàn lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé orúkọ tí kò gbọdọ̀ sí láyà ọmọdé bíi tirẹ̀ ní Liverpool.